Ìbòrí Ayùn Bàbá

Nínú ẹbí yìí, ife rọ́bà aláwọ̀ ewé kan wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń mu omi nínú rẹ̀. Bí àlejò bá dé ilé Bọ̀ọ̀dá, gíláàsì ni wọ́n fi ń gbé omi fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rin pàápàá ń fi gíláàsì mu omi níbẹ̀. Àmọ́ bí Apọ́nyùn, àbúrò Bọ̀ọ̀dá, bá wọlé, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá á rọra ti gíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á nawọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, á sì gbé ife rọ́bà yẹn wá. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìdí rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ilé ń pè é ní Àǹtí Afọ́ǹkan níṣojú rẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín, á mu omi rẹ̀.

Ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní afọ́ǹkan yìí ná. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni obìnrin náà. Ayùn ló ń pọ́n fún àwọn káfíńtà, nínú ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan létí òpópónà tí wọ́n ti ń ta pákó. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú irin tó fi ń há ayùn mọ́ra kó má baà mì. Àwọn fáìlì onígun mẹ́ta, irin tó fi ń pọ́n eyín ayùn, wà lára ògiri, wọ́n so kọ́ ìṣó, láti orí èyí tó tín-ín-rín jù dé orí èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò. Ayùn kan lè ní eyín ọgọ́rùn-ún. Á pọ́n wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tẹ ọ̀kan sọ́tùn-ún, á tẹ èkejì sósì, kò sì ní fo ọ̀kankan. Ìka mẹ́jọ ló fi ń ṣe é. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ní ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, kò sì ní ti àárín, àtàǹpàkò àti ìka kẹrin ló fi ń di orí fáìlì mú. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò sì tíì ba eyín ayùn oníbàárà kan jẹ́ rí. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ife rọ́bà fún. Ẹlòmíràn ni, inú á ti bí i tipẹ́. Inú kò bí òun, torí ó gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Bàbá wọn ní ayùn oko kan, tó ti wà kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Tábìlì irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni. Ayùn rìbìtì kan yọrí láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó ọpọ́n ńlá. Kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Bẹ́líìtì aláwọ kan ló ń yí i, ó gùn tó yàrá méjì, wọ́n á fi orí kan kọ́ ara katakata, wọ́n á fi orí kejì kọ́ ara ayùn. Bí katakata bá ti bú, bẹ́líìtì á máa sáré, ìyẹ̀ igi á sì máa fọ́n ká bí ìyẹ̀fun. Bàbá ń gbé e láti oko dé oko, ó ń fi í la igi fún àwọn àgbẹ̀: igi ìdáná, òpó ọgbà, pákó ilé. Bọ̀ọ̀dá ló ń ti igi sẹ́nu ayùn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń dúró lódì kejì, tó ń gba pákó bó ṣe ń jáde. Irin dídà kan, irú irin tó lè sán bí ìkòkò, tó tẹ̀ bí ìdajì òṣùpá, ló bo ayùn náà lórí, kí ọwọ́ ẹni má baà kan eyín rẹ̀. Bóòtù mẹ́rin ló dì í mú. Bàbá ti kìlọ̀ fún tọkùnrin tobìnrin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ ìbòrí náà, bó ti wù kí iṣẹ́ kán wọn lójú tó.

Lọ́dún tí ọmọbìnrin náà pé mẹ́tàdínlógún, ó ń gbé ìtì igi kan kọjá, ìdí igi sì gbá ìbòrí náà gbàmù. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Bàbá ò sí níbẹ̀, ó ti lọ wo iṣẹ́ ní oko mìíràn. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò rí ìbòrí lórí ayùn mọ́. Bọ̀ọ̀dá, tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, pè é sẹ́yìn katakata.

"O ti fọ́ ọ," ó ní. "Mẹ́ta ló fọ́ sí. Mo ti kó o fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kí Bàbá má baà rí i. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Màá wá bí mo ṣe máa yọ ẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ẹ gbọ́ mi o, lórí ìyẹ̀ igi. Lọ́jọ́ kan náà, kí oòrùn tó kan àtàrí, pákó kan yí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ òsì gbá a dúró, ayùn tí kò ní ohun tó bò ó sì gba ìka méjì. Nígbà tí Bàbá béèrè bí ìbòrí ṣe kúrò, Bọ̀ọ̀dá ní àbúrò òun ló fọ́ ọ. Bàbá wo ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní, "Ìwọ lo fọ́ ohun tó ń dáàbò bò ẹ́. Ta ni kí n wá bá wí?" Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú, àmọ́ kò jẹ́ kó dé ìdí ayùn mọ́ láéláé. Bí ọmọ rẹ̀ yìí bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á wo ọwọ́ ọmọ náà kó tó gbé e fún un. Apọ́nyùn ń rí ìwò yẹn. Ó ra fáìlì kan, ó jókòó ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó ní bí òun kò bá lè dé ìdí ayùn mọ́, ayùn á máa wá bá òun nílé.

Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí Bàbá ti kú. Ó fi ayùn náà sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnì kan kò lè tà á àyàfi tí ẹnì kejì bá fọwọ́ sí i. Wọ́n ti ta katakata tipẹ́. Ayùn wà lábẹ́ àtíbàbà onípáànù lẹ́yìn ilé Bọ̀ọ̀dá, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Apọ́nyùn ń wá síbẹ̀ láti lé adìẹ, láti pọ́n eyín rẹ̀ àti láti fi òróró pa á. Kò sẹ́ni tó rán an. Bọ̀ọ̀dá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú ló ń fọ eyín fún.

Lọ́dún yìí, Bọ̀ọ̀dá pè é pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra irin náà, kó wá fọwọ́ síwèé.

"Ta ni?" Apọ́nyùn béèrè.

"Àwọn tó ń ra irin àlòkù ni. Wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sanwó."

"Bọ̀ọ̀dá, a ò tíì mọ iye rẹ̀ kẹ̀."

"Iye wo? Irin ni. Irin àti ìpẹtà."

"Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Oníbàárà mi kan ní ọkùnrin kan wà tó ń díyelé ẹ̀rọ oko àtijọ́ fún àwọn tó ń kó wọn jọ."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tó bá ṣe pé o ò fọ́ ìbòrí rẹ̀ ni, à bá ní ohun tá a máa fi hàn án." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ti ìlẹ̀kùn pa nígbàkigbà tí àbúrò rẹ̀ bá lanu. Lọ́jọ́ yẹn náà, Apọ́nyùn bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Àmọ́ kò fọwọ́ síwèé.

Adíyelé tí oníbàárà rẹ̀ sọ dé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, tó gbé báàgì kan tí búrọ́ọ̀ṣì kékeré, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìkọ̀wé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ni Bọ̀ọ̀dá, tó dúró ti ayùn pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa.

"Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe, sà?"

"Mo fẹ́ kùn ún díẹ̀ ni, kó lè wuyì lójú yín."

"Tẹ́ ẹ bá kùn ún, owó yín lẹ fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà sílé."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá wá gbé ọ̀dà náà lọ. Adíyelé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo abẹ́ ayùn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìyẹ̀ àti ìdọ̀tí adìẹ kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo bẹ́líìtì tó ti gbẹ. Ó fọwọ́ yí ayùn, ó tẹ́tí sí i bó ṣe ń yí. Nígbà tó dé ibi eyín rẹ̀, ó dúró. Ó fi ìka kàn wọ́n, ó tún gbé awò sójú dáadáa.

"Ta ló ń pọ́n eyín yìí?"

"Èmi ni, sà," Apọ́nyùn ní.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mi ò tíì rí i kó dọ́gba báyìí lára ayùn tó dàgbà tó yìí." Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Apọ́nyùn kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò sẹ́ni tó yin ọwọ́ rẹ̀ rí lábẹ́ páànù yẹn.

Adíyelé dìde, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò bóòtù mẹ́rin tó wà lórí tábìlì irin náà. "Ìbòrí rẹ̀ ńkọ́?"

Bọ̀ọ̀dá fẹnu júwe àbúrò rẹ̀. "Ẹ bi í. Ó ti fọ́ ọ láti ọdún mọ́kànlélógójì."

"Òótọ́ ni, sà," Apọ́nyùn ní, ó ń wolẹ̀. "Èmi ni mo fọ́ ọ."

"Ó mà ṣe o." Ọkùnrin náà pa tọ́ọ̀ṣì. Ó ní irú ayùn bẹ́ẹ̀ ṣì wà káàkiri, ìbòrí rẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n, torí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ máa ń yọ ọ́ kí ìtì igi ńlá lè kọjá, wọn kì í sì í rántí dá a padà. Bó ṣe wà yìí, iye rẹ̀ lè ra alùpùpù tó dáa. Tó bá jẹ́ pé ìbòrí rẹ̀ gan-an wà lórí rẹ̀ ni, ìlọ́po mẹ́ta. Ó lè ra mọ́tò kékeré kan, kì í ṣe tuntun, àmọ́ mọ́tò ni.

Bọ̀ọ̀dá gbọ́ mọ́tò, ó sún mọ́ ọn. "Tá a bá wá rí ọ̀kan tó jọ ọ́ ńkọ́?"

"Tó bá bá a mu, ẹ pè mí."

Ojú ọ̀nà ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí Apọ́nyùn, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó há ayùn oníbàárà kan mọ́ irin, ó mú fáìlì, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Ó ń ro ohun tí ọwọ́ kan ṣoṣo ti bà jẹ́. Ó ti gba ìka méjì. Ó ti gba ojú rere Bàbá. Ó tún wá gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ti gbìyànjú láti bò ó láṣìírí. Ó jókòó ti tábìlì náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Afọ́ǹkan. Tí mo bá ń rántí ìjókòó yẹn, ara mi kì í gbà á.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Bọ̀ọ̀dá pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn. "Máa bọ̀ o. Mo ti rí ìbòrí. Adíyelé ti ń bọ̀."

Nígbà tó débẹ̀, àpò ìdọ̀họ kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn, ìbòrí sì wà lórí rẹ̀. Adíyelé ti ń tú báàgì rẹ̀. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ń gbé omi bọ̀, gíláàsì méjì àti ife rọ́bà kan lórí àwo pẹrẹsẹ. Apọ́nyùn ò gba omi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan irin náà. Ẹni tó bá ti bá irin kan ṣiṣẹ́ látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka kẹrin tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń tọ ojú ayùn wá ibi tó bá sán. Ó yí i padà, ó tọ inú rẹ̀ náà. Kò sí ibi tó sán. Kò sí ibi tí wọ́n jó pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ pé ìbòrí ti tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ ó bi ara rẹ̀ pé ta ni kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan lè ṣe ọgọ́rùn-ún tó jọra.

"Ibo lẹ ti rí i, Bọ̀ọ̀dá?"

"Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Mo fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta."

Adíyelé gbé ìbòrí náà sórí ayùn. Ihò mẹ́rin bá ihò mẹ́rin mu. Ó ti bóòtù bọ̀ ọ́, ó sì fi sípánà dì í. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ etí rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó ka nǹkan kan sínú, ó sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ ayùn. Nígbà tó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí nǹkan he.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí lórí ire o. Ẹ wá wo nọ́ńbà. Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìdínlógún lára ayùn, ọ̀ọ́dúnrún lé méjìdínlógún lára ìbòrí. Láyé ìgbà yẹn, nọ́ńbà ẹ̀rọ ni wọ́n ń lù sí ara ìbòrí rẹ̀. Ẹ̀rọ kan, ìbòrí kan. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́ o. Òun gan-an ni."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, tó ṣì gbé omi lọ́wọ́, ló wá tẹjú mọ́ àpò tó wà nílẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe àpò tó wà lókè àjà wa nìyí?" ó bi ọkọ rẹ̀. "Èyí tẹ́ ẹ ní mi ò gbọ́dọ̀ kó dànù nígbà tá à ń tún àjà ṣe? Tó wúwo yẹn?"

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ìdí tí kò fi ju irin náà sódò láti ọjọ́ yìí, kò tíì gbé láàárín àwọn tó ń fi irin jẹun. Bàbá ló kọ́ wọn pé wọn kì í da irin dídà tó dáa nù, torí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí èèyàn máa wá a. Bọ̀ọ̀dá ò lè mú un jáde, kò sì lè dà á nù. Ó fi àpò wé e, ó gbé e sórí àjà, ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn, ó sì ń jí láàárọ̀ wá pe àbúrò rẹ̀ ní Afọ́ǹkan. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Bọ̀ọ̀dá lọ ogún ọdún lọ́nà méjì, ó tún gba ọdún kan léènì. Mọ́tò kékeré tí kì í ṣe tuntun ló fà á jáde.

Apọ́nyùn ò pariwo. "Bọ̀ọ̀dá, mẹ́ta lẹ ní ó fọ́ sí."

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn jàre."

"Ibo ló ti fọ́? Ẹ fọwọ́ bà á fún mi."

Bọ̀ọ̀dá wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Adíyelé, ó wo adìẹ. "Àgbẹ̀ kan ló gbé ìtì igi ńlá wá," ó sọ níkẹyìn. "Kò lè gba abẹ́ ìbòrí kọjá, ọkùnrin náà sì ń kánjú. O sì ti gbá a lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ní tí mo bá sọ fún ẹ pé o ti fọ́ ọ, o ò ní lè sọ fún Bàbá pé mo yọ ọ́. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ yọ ọ́. Ta ló mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀? Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lẹ jẹ́. Èmi ni ọmọdé."

"Ṣé kí n wá kú ni?"

"Mo kúnlẹ̀ fún ẹ," Apọ́nyùn ní. "Ìwọ lo yọ ọ́. Ìwọ lo gbé irọ́ lé mi lórí, tí mo fi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ bonu. Látìgbà tó ti wọlé ọkọ, kò tíì gbọ́ kí obìnrin yìí pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ. Adíyelé bẹ̀rẹ̀ sí í kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú báàgì, ó ní bóyá kí òun máa lọ, kí òun padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

"Ẹ jókòó, sà," Apọ́nyùn sọ fún un. "Iṣẹ́ lẹ wá ṣe. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí nípa ìbòrí yẹn, kẹ́ ẹ kà á sókè."

Ọkùnrin náà kọ ọ́, ó sì kà á. "Ìbòrí: ti ẹ̀rọ yìí gan-an. Nọ́ńbà bára mu. Odidi ni. Kò fọ́ rí, wọn ò sì jó o pọ̀ rí."

"Ẹ tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ẹ ní tí ìbòrí yìí ò bá sí lórí rẹ̀, iye rẹ̀ á wálẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ ṣeun." Ó mú sípánà tó wà lórí tábìlì irin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kẹrin di orí bóòtù mú láti abẹ́, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí i. Bọ̀ọ̀dá bi í pé kí ló ń ṣe. Ó tú bóòtù kẹrin. Ó kó wọn sápò, ó gbé ìbòrí náà lé èjìká.

"Mò ń gbé iye rẹ̀ lọ ni," ó ní. "Gbogbo ẹni tó ń pè mí ní Afọ́ǹkan, àgbà àti ọmọdé, lọ bá wọn nílé wọn. Fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tó o bá sọ fún ẹni tó gbẹ̀yìn, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, màá gbé ìbòrí fún ẹ, màá sì fọwọ́ síwèé."

Bọ̀ọ̀dá bínú. Ó ní òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọjọ́ méjì bínú, ó sì fi ọ̀kan ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ, tó fẹ́ ra ayùn náà, rán Adíyelé sí i pé òun ò ní dúró títí ayé. Bọ̀ọ̀dá wọ bàtà rẹ̀.

Ilé àbúrò bàbá wọn ló kọ́kọ́ dé. Ó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, ó sì kúrò níbẹ̀ tòun ti ẹ̀rín músẹ́. Apọ́nyùn pe bàbá náà lórí fóònù. "Kí ni Bọ̀ọ̀dá sọ fún yín?" Bàbá náà ní, "Ó ní èdèkòyédè kan ló wà láàárín yín lórí irin." Apọ́nyùn ní kí Bọ̀ọ̀dá padà lọ sọ òótọ́. Bọ̀ọ̀dá padà lọ. Nílé ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, ó ní ìbòrí náà ló já bọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n dá a padà síbẹ̀ náà. Nígbà tí yóò fi tó ilé kẹfà, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: èmi ni mo yọ ọ́, mo purọ́ mọ́ ọn, kò fọ́ nǹkan kan. Àwọn kan sunkún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ọwọ́ Apọ́nyùn dáa, irọ́ tó tún burú ju ti Bọ̀ọ̀dá lọ nìyẹn, torí òun ló kọ́kọ́ pe orúkọ náà.

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn ọjọ́ yẹn. Ó gbé gíláàsì tuntun kan wá, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo ṣe."

"Mi ò bínú sí ẹ," Apọ́nyùn ní. "Àmọ́ gbé e padà, ìyàwó wa. Mo ní gíláàsì nílé mi."

Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejìlá. Ó mú ìwé títà náà dání àti bírò méjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn torí kò sí àga mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ka orúkọ ilé tó lọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń fi ìka tó pé mẹ́wàá kà wọ́n. Ìbòrí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, bóòtù mẹ́rin nínú rẹ̀. Apọ́nyùn ti nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, kò sì kùn ún.

"Mo ti sọ fún gbogbo wọn," Bọ̀ọ̀dá ní. "Pe ẹni tó bá wù ẹ́. Kò sẹ́ni tó kù."

Apọ́nyùn gbójú sókè lórí ayùn tó há mọ́ irin níwájú rẹ̀. "Ó ku ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Bàbá."

Bọ̀ọ̀dá yanu. Ó gbé ọwọ́ tó di ìwé mú sókè díẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mọ́tò kan kọjá lóde pẹ̀lú pákó tó rù, ilẹ̀ mì díẹ̀, ó tún dákẹ́. Apọ́nyùn dúró dè é. Ó dúró dè é lóòótọ́, ó tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí tó bá jẹ́ pé ìdáhùn kan wà láyé yìí, òun ló fẹ́ gbọ́ ọ jù. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó fi ẹsẹ̀ ti ìbòrí náà wọ abẹ́ tábìlì, ó mú fáìlì, ó wá eyín tó kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ti pọ́n eyín mẹ́ta sí i, Bọ̀ọ̀dá ṣì dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn.